Ẹ Tẹ́ Ilẹ̀ Dáadáa Kí Ẹ Tó Kọ́ Sítọ́ọ̀ Sí Ẹ̀yìnkùlé

Bí ẹ bá gba ọ̀nà Òṣogbo wá, tí ẹ wọ Ìlobùú, tí ẹ sì kọjá sí Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, ẹ má wo iwájú ilé nìkan. Ẹ yọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí àwọn ilé kéékèèké tí a ń pè ní sítọ́ọ̀: èyí tí ìyá oníṣòwò ń kó àpò gàrí àti ẹ̀wà sí, èyí tí bàbá àgbẹ̀ ń kó ọkọ́ àti àdá àti ajílẹ̀ sí, àti èyí tí ilé-ẹ̀kọ́ ń kó irinṣẹ́ ọgbà pamọ́ sí. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé púpọ̀ nínú wọn ni kò dúró ṣánṣán. Ọ̀kan fì sí apá òsì bí ẹni tí ó mu ẹmu yó. Ilẹ̀kùn èkejì kò pa dé mọ́. Ògiri ẹ̀kẹta ti sán láti òkè délẹ̀, aláǹgbá sì ti sọ ibẹ̀ di ojú ọ̀nà rẹ̀.

Bíríkìlà ni àwọn ènìyàn máa ń bú. Wọ́n á ní sìmẹ́ńtì kò tó, tàbí pé búlọ́ọ̀kù kò dára. Nígbà mìíràn òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n nínú èyí tí mo ti fi ojú ara mi wò, tí mo sì fi ọ̀pá irin gún ìdí rẹ̀, àìsàn náà kì í sábà sí lára ògiri. Inú ilẹ̀ ni ó ń wà. A kò tẹ́ ilẹ̀ náà dáadáa kí a tó gbé ilé lé e.

Ilẹ̀ agbègbè wa kì í ṣe ilẹ̀ pẹrẹsẹ bí ti etí òkun. Ó ń gòkè, ó ń sọ̀, ó sì ń rọra dagẹ̀rẹ́ lọ sí ẹ̀bá odò. Odò Erinlẹ̀ ni ó ń gba púpọ̀ nínú omi wa, tí ó ń gbé e lọ pàdé Ọ̀ṣun. Nítorí náà bí ẹni méjì bá jọ pín ilẹ̀, ọ̀kan á wà lókè, ọ̀kan á wà nísàlẹ̀. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ kọ́ ilé tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà 10 lọ, yóò rí i pé ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ga ju ibi tí yóò parí sí lọ.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ títẹ́ yé ará Ìfọ́n ju ẹlòmíràn lọ, nítorí ìlú Òrìṣà Olúfọ́n ni ìlú wọn, Olúfọ́n yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì mọ̀ sí Ọbàtálá. Ẹ rántí ìtàn tí àwọn àgbà ń sọ. Olódùmarè rán Ọbàtálá pé kí ó lọ dá ilẹ̀ sórí omi, ó sì fún un ní erùpẹ̀ àti adìyẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún. Ẹmu ọ̀pẹ dá a dúró lọ́nà, Odùduwà sì gba iṣẹ́ náà ṣe. Ẹ wo bí adìyẹ yẹn ti ṣe é. Kò kó erùpẹ̀ jọ sójú kan kí ó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ó ń tàn án, ó ń tàn án, díẹ̀díẹ̀, títí ilẹ̀ fi fẹ̀. Bíríkìlà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò ní sùúrù tó adìyẹ.

Ìyá kan wà ní Ìfọ́n tí ó ń ta ẹ̀wà, gàrí àti èlùbọ́. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ dagẹ̀rẹ́: láti ibi tí sítọ́ọ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tí yóò parí sí jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10, láàárín èyí ilẹ̀ náà sì fi ẹsẹ̀ bàtà kan gbáko sọ̀ kalẹ̀. Bíríkìlà tí ó gbé iṣẹ́ fún mọ ògiri kúkúrú kan sí apá ìsàlẹ̀, ó ní kí ọkọ̀ da erùpẹ̀ sí i, ó fi ẹ̀yìn ṣọ́bìrì gbá a lẹ́ẹ̀mélòó kan, ó sì rọ kọnkéré lé e lórí lọ́jọ́ kejì. Ó dára lójú. Ìyá náà sanwó, ó tún kí i.

Òjò ọdún kìíní kọjá. Nígbà òjò ọdún kejì, ilẹ̀ inú sítọ́ọ̀ náà sán ní ìbú, láti ògiri dé ògiri, apá ìsàlẹ̀ sì wọlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè ti ọwọ́ bọ ojú ibi tí ó sán. Ibẹ̀ ni omi ń gbà wọlé. Nígbà tí wọn yóò fi gbé àwọn àpò tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ẹ̀wà inú wọn ti hù.

Ọmọ rẹ̀ kan wà ní kíláàsì mi, ọmọ náà ni ó sì sọ fún un pé tíṣà àwọn mọ bí a ti ń wọn ilẹ̀. Ni ó bá ránṣẹ́ pè mí.

"Tíṣà, ẹ bá mi wò ó," ni ó wí. "Ṣé iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni, àbí sìmẹ́ńtì ni kò dára?"

Mo mú ọ̀pá irin kan, mo gún un sí ojú ibi tí ó sán, ní apá ìsàlẹ̀. Ó wọlé bí ẹni gún ẹ̀kọ tútù. Mo tún gún un ní apá òkè. Ó dún kò, kò wọlé.

"Ìyá, kì í ṣe ayé," ni mo dá a lóhùn. "Ilẹ̀ méjì ni wọ́n gbé ilé kan ṣoṣo lé. Ilẹ̀ tí Ọlọ́run dá wà lókè, ilẹ̀ tí ọkọ̀ dà wà nísàlẹ̀. Èyí tí Ọlọ́run dá dúró sí ipò rẹ̀. Èyí tí ọkọ̀ dà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ibi tí yóò sùn sí ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ọ̀fun. "Èló ni yóò wá ná mi báyìí, ẹ jọ̀ọ́?"

Ìbéèrè yẹn ni ó dùn mí jù lọ, nítorí ohun tí a fi ń tún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń ju ohun tí à bá fi ṣe é dáadáa ní ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Wọ́n ní láti fọ́ kọnkéré, kí wọ́n kó erùpẹ̀ jáde, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ó tẹ̀lé e, ó sì ń lo sítọ́ọ̀ náà títí di òní. Ṣùgbọ́n owó àpò ẹ̀wà mẹ́ta ti bá omi lọ, ẹni tí ó bá sì mọ iye tí àpò ẹ̀wà kan jẹ́ lọ́jà mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe owó ọmọdé.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ lè gbé e fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà. Gígùn sítọ́ọ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10, ìbú rẹ̀ jẹ́ 8, ilẹ̀ sì fi ẹsẹ̀ bàtà 1 sọ̀ kalẹ̀ láti òpin kan dé èkejì. Ẹ jẹ́ kí a fi àpótí tí òró, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan ṣe òṣùwọ̀n erùpẹ̀. Bí a bá fẹ́ kún apá ìsàlẹ̀ títí yóò fi bá òkè dọ́gba, bí bíríkìlà yẹn ti ṣe, erùpẹ̀ tí a ó rà yóò jẹ́ ìdajì 10 lọ́nà 8 lọ́nà 1, èyí ni àpótí 40. Ṣùgbọ́n bí a bá gbẹ́ apá òkè títí dé ìlàjì gíga rẹ̀, tí a sì fi ohun tí a gbẹ́ kún ìsàlẹ̀, àpótí 10 péré ni a ó gbẹ́, 10 náà ni a ó sì kún. A kò ra erùpẹ̀ rárá. Ibi tí ó jìn jù lọ nínú ohun tí a kún kò sì ní ju íǹṣì 6 lọ, nígbà tí ti àkọ́kọ́ tó íǹṣì 12. Mo ti rí àgbà ọkùnrin tí ó ní òun kò gbà, àfi ìgbà tí a fi ìyẹ̀pẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀ nínú páànù fún un.

Ọ̀nà kẹta wà: kí a gbẹ́ gbogbo rẹ̀ dé ibi tí ó rẹlẹ̀ jù, kí a má kún ohunkóhun. Àpótí 40 ni a ó gbẹ́ jáde, iṣẹ́ náà sì pọ̀, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tú rí ni gbogbo ilé náà yóò jókòó lé. Fún sítọ́ọ̀ oníṣòwò, èyí ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ rò ó wò: àpò ẹ̀wà 30, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọ̀n tó kílò 100, jẹ́ tọ́ọ̀nù 3, àwọn alábàárù sì fẹ́ràn láti tò wọ́n jọ sí igun kan ṣoṣo. Fún ọkọ́ àti àdá àti páànù ìbomirin ti ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀nà kejì tó, ó tilẹ̀ ṣẹ́kù. Ọ̀nà kìíní ni mo ní kí ẹ sá fún, àfi bí ilẹ̀ yín bá rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí omi ń dúró sí i.

Kí ẹ tó gbẹ́ ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ kó ilẹ̀ dúdú tí ó wà lókè kúrò, èyí tí gbòǹgbò koríko àti ewé jíjẹrà wà nínú rẹ̀. Ó lè tó íǹṣì 4, ó lè tó 6. Ilẹ̀ yìí dára fún ẹ̀fọ́, kò dára fún ilé, nítorí ohun tí ó ń jẹrà ń tán lọ, yóò sì fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ kọnkéré. Ẹ má dà á nù. Ẹ kó o sí ibi tí ẹ ó gbin tẹ̀tẹ̀ àti ilá sí, ẹ ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ara yín.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú ọ̀pá irin kí ẹ máa gún ilẹ̀ náà káàkiri, ní ẹsẹ̀ bàtà méjì méjì síra wọn. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé ìlú àtijọ́ ni ìlú wa. Nígbà tí àwọn bàbá wa ń fi amọ̀ mọ ilé, ẹ̀gbẹ́ ilé ni wọ́n ti ń wa amọ̀ náà. Kòtò tí ó kù sílẹ̀ ni wọ́n ń da ìdọ̀tí sí, títí ó fi kún tí koríko sì hù bò ó. Ẹni tí ó bá wò ó lónìí yóò rò pé ilẹ̀ gidi ni. Ààtàn ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ṣáláńgá àtijọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni òkìtì ọ̀gán tí wọ́n kàn gé orí rẹ̀, tí ikán ṣì ń ṣe fàájì nísàlẹ̀. Bí ọ̀pá bá wọlé ní ibì kan ju ibòmíràn lọ, ẹ wa ibẹ̀ títí ẹ ó fi kan ilẹ̀ líle, tàbí kí ẹ gbé sítọ́ọ̀ yín kúrò níbẹ̀.

Ẹ má sì rò pé irú ilẹ̀ kan náà ni ó wà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ní 1962 ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà tẹ ìwé àwọn onímọ̀ ilẹ̀ méjì jáde, Smyth àti Montgomery, lórí ilẹ̀ àárín gbùngbùn agbègbè náà. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n fi hàn ni pé bí ènìyàn bá ń ti orí òkè sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò, ilẹ̀ ń yí padà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀: ilẹ̀ pupa tí ó ní òkúta wẹ́wẹ́ àti amọ̀ lókè, ilẹ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá díẹ̀ ní àárín, iyanrìn aláwọ̀ eérú ní ìsàlẹ̀. Ilẹ̀ pupa olókúta wẹ́wẹ́ yẹn, àti yangí, ni ó dára jù láti fi kún àyè. Amọ̀ lásán kò dára. Ó ń wú bí òjò bá rọ̀, ó sì ń sán bí ọyẹ́ bá dé.

Wàyí o, báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé ilẹ̀ ti tẹ́jú? Ojú kò tó o. Ojú ń tan ènìyàn jẹ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, nítorí ògiri ilé aládùúgbò àti ọgbà àti ojú ọ̀nà, gbogbo wọn ni ó fì. Lẹ́fẹ́ẹ̀lì onígíláàsì tí àwọn bíríkìlà ń lò, èyí tí ìhó kékeré kan ń sá síwá sẹ́yìn nínú rẹ̀, ará Faransé kan tí ń jẹ́ Melchisédech Thévenot ni ó ṣe é ní nǹkan bí 1661. Ohun tí ó dára ni, ṣùgbọ́n tí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2, ẹsẹ̀ bàtà 2 ni ó lè dá lẹ́jọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí ènìyàn bá ń gbé e láti ibì kan dé ibòmíràn títí dé ẹsẹ̀ bàtà 10, àṣìṣe kékeré yóò máa gun orí ara wọn. Àwọn ará Íjíbítì ìgbàanì ń lo igi tí a kàn bí lẹ́tà A, tí okùn àti òkúta rọ̀ láàárín rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó rọrùn jù lọ fún wa ni rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú ń rí inú rẹ̀. Ẹ ra ẹsẹ̀ bàtà 20 níbi tí wọ́n ti ń ta ohun ìkọ́lé.

Ẹ rọ omi kún inú rẹ̀, ẹ sì rí i pé kò sí afẹ́fẹ́ kankan tí ó há sí àárín, nítorí ìhó kan ṣoṣo lè ba gbogbo ìwọ̀n jẹ́. Ẹ kan èèkàn mẹ́rin mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni kan á di orí rọ́bà kan mú mọ́ èèkàn ti òkè, ẹnì kejì á di èkejì mú mọ́ èèkàn ti ìsàlẹ̀. Nígbà tí omi bá dúró jẹ́ẹ́, ẹ fa ìlà sára èèkàn méjèèjì ní ojú ibi tí omi dé. Ìlà méjèèjì dọ́gba, bí ilẹ̀ ti wù kí ó dagẹ̀rẹ́ tó. Ẹ ta okùn láti ìlà dé ìlà, okùn yẹn ni yóò máa darí ọkọ́ yín.

Mo ṣe èyí pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìlobùú nígbà tí a ń tẹ́ ilẹ̀ fún sítọ́ọ̀ irinṣẹ́ ọgbà. Ọmọkùnrin kan jiyàn. Ó ní, "Omi kò lè gòkè, sà. Gbogbo rẹ̀ á ṣàn sí ìsàlẹ̀ ni." Mo ní kí òun fúnra rẹ̀ di orí rọ́bà ti ìsàlẹ̀ mú. Nígbà tí ó rí i pé omi dúró ní ọ̀kánkán àyà rẹ̀, tí ó sì wà nítòsí orúnkún ẹnì kejì rẹ̀ tí ó dúró lókè, kò sọ ọ̀rọ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà, òun ni olórí àwọn tí ń di rọ́bà mú.

Kí igun sítọ́ọ̀ má baà wọ́, ẹ wọn ẹsẹ̀ bàtà 6 lára okùn kan láti igun, kí ẹ wọn 8 lára okùn kejì. Bí àárín ibi méjèèjì bá jẹ́ 10 gẹ́lẹ́, igun náà tọ́. Gbogbo tíṣà ni ó mọ ìdí rẹ̀.

A dé ibi tí iṣẹ́ gidi wà, èyíinì ni lílu ilẹ̀ tí a kún. Ní àtijọ́, àwọn ìyá wa ni ó ń lu ilẹ̀ ilé. Wọ́n á wọ́n omi sí i, wọ́n á máa fi igi lù ú, wọ́n á máa kọrin sí i, títí ilẹ̀ yóò fi le bí àwo. Wọn kì í lu ilẹ̀ gbígbẹ, wọn kì í sì í lu ẹrẹ̀. Ní 1933, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà kan, R. R. Proctor, ẹni tí ń ṣiṣẹ́ omi ẹ̀rọ ní ìlú Los Angeles, kọ ọ̀rọ̀ jáde fún àwọn ẹnjiníà ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ìwọ̀n omi kan wà fún erùpẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ó ń jẹ́ kí ó kì jù lọ bí a bá lù ú. Bí omi bá dín, kò ní kì, bí ó bá pọ̀ jù, kò ní kì. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ṣì ń pe àyẹ̀wò náà títí di òní, lábẹ́ títì àti lábẹ́ ìdídò káàkiri ayé. Bí ó bá bi ìyá àgbà kan ní Ìfọ́n, ìbá ti sọ fún un.

Bí a ti ń mọ ìwọ̀n omi náà láìní ẹ̀rọ nìyí: ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀, ẹ fún un pọ̀. Bí kò bá lẹ̀ pọ̀, ó gbẹ jù. Bí ó bá fi omi sí yín lọ́wọ́, ó tutù jù. Bí ó bá di ìṣù, tí ó sì fọ́ sí bíi wẹ́wẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin nígbà tí ẹ jù ú sílẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ da erùpẹ̀ náà ní íǹṣì 4 péré, ẹ tàn án, ẹ lù ú títí ohùn rẹ̀ yóò fi yí padà. Ohùn ilẹ̀ rírọ̀ ń dún bù, ti ilẹ̀ líle ń dún kò. Kí ẹ tó tún da òmíràn. Ẹni tí ó bá da íǹṣì 12 lẹ́ẹ̀kan, òkè nìkan ni ó lù, ìsàlẹ̀ ṣì wà bí ó ti wà, ohun tí ó sì pa sítọ́ọ̀ ìyá ẹlẹ́wà nìyẹn. Ohun tí a ń fi lu ilẹ̀ kò wọ́n: ẹ rọ kọnkéré kún agolo ńlá kan, kí ẹ ri igi tí ó gùn dé àyà mọ́ ọn láàárín kí ó tó gan. Bí ó bá gbẹ tán, ọmọkùnrin méjì lè máa gbà á ṣe.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ọ̀rọ̀ àwọn tálákà nìkan ni èyí. Ní ìlú Pisa ní Ítálì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé ìṣọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan ní 1173. Kí wọ́n tó kọ́ ọ dé àjà kẹta, ó ti ń fì, nítorí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ní apá kan rọ̀ ju ti apá kejì lọ. Owó kò wọ́n wọn, òkúta dídán ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ náà burú dé ibi pé ní 1990 wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ àwọn àlejò títí di 2001. Ẹ wá gbọ́ ohun tí àwọn ẹnjiníà ṣe sí i o: wọn kò kún apá tí ó wọlẹ̀, wọ́n rọra ń yọ erùpẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kúrò lábẹ́ apá tí ó ga, títí ilé náà fi gbé ara rẹ̀ sókè díẹ̀. Apá òkè ni àwọn náà gbẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ sìmẹ́ńtì. Òjò tí ń rọ̀ ní agbègbè wa lọ́dún tó bíi íǹṣì 50. Bí íǹṣì kan ṣoṣo bá rọ̀ sórí òrùlé ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 8, omi tí yóò ti ibẹ̀ ṣàn bọ́ yóò ju garawa 10 lọ, garawa onijálá mẹ́rin. Kí ẹ tó kọ́lé, ilẹ̀ ń mu omi yẹn káàkiri. Nísinsìnyí ojú kan ni ó ń dà sí. Níbo ni yóò gbà lọ? Bí ó bá jẹ́ ìdí ògiri aládùúgbò tí ó wà nísàlẹ̀ ni, ẹ ti dá ìjà sílẹ̀ láìmọ̀.

Àwa tí a ń gbé níhìn-ín kò sì lè fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣeré. Ìlobùú àti Ìfọ́n jẹ́ ìlú méjì tí ilé wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni ìjọba ìbílẹ̀ wọn yàtọ̀: Ìlobùú ni ibùjókòó Ìrẹ́pọ̀dùn (orúkọ tí ó dára, ìbá wù mí kí a máa fi ṣe ìwà hù), Ìfọ́n sì ni ti Òròlú. Ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ láàárín wọn ti pẹ́. Ní ọdún 2025 ó tún gbóná, ó kan Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun pẹ̀lú, ẹ̀mí bọ́, ilé jóná, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì kéde kónílé-ó-gbélé. Èmi kò ní dá ẹjọ́ yẹn nínú ìwé ìròyìn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá kan èèkàn mọ́lẹ̀, àní bí ó jẹ́ ti sítọ́ọ̀ ẹ̀yìnkùlé, gbogbo ojú ni ó ń wò ó. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń kọ́ irú ilé kékeré yìí lónìí sì jẹ́ àwọn tí ń tún bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó kan èèkàn, ẹ lọ kí aládùúgbò yín. Ẹ jẹ́ kí ó rí okùn, kí ó rí rọ́bà, kí ẹ jọ tọ́ka sí ibi tí ilẹ̀ yín parí sí, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ bàtà 3 sílẹ̀ sí ìhà tirẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ lè lò ó. Ẹ sọ fún un ibi tí omi yóò gbà. Mo ti rí i tí bàbá kan, tí ó ti múra ìjà sílẹ̀, fi ọwọ́ ara rẹ̀ bá wọn di orí rọ́bà mú nígbà tí wọ́n pè é sí i.

Ní apá òkè sítọ́ọ̀, níbi tí ẹ gbẹ́, ẹ wa gọ́tà kékeré tí ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ó gba omi tí ń ti òkè bọ̀, kí ó sì yí i ká lọ sí gọ́tà àdúgbò. Láìsí èyí, ògiri ẹ̀yìn yóò máa tutù títí ayé. Ní apá ìsàlẹ̀, ẹ fi búlọ́ọ̀kù tàbí òkúta dí ẹnu ilẹ̀ tí ẹ kún, kí ẹ sì fi ihò díẹ̀ sí ìdí rẹ̀ kí omi lè máa jò jáde. Omi tí ó bá há sẹ́yìn ògiri ni ó ń tì í ṣubú. Bí owó ògiri kò bá sí, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ tí ẹ lù náà yọ ní ẹsẹ̀ bàtà 2 kọjá ìdí sítọ́ọ̀, kí ẹ gbin ewé tíì sí etí rẹ̀ nípọnnípọn. Gbòǹgbò rẹ̀ ń di ilẹ̀ mú, ẹ ó sì rí tíì mu.

Ní ti àkókò, ìparí òjò ni ó dára jù, nínú oṣù October sí November. Ilẹ̀ ṣì rọ̀ fún ọkọ́, omi kò sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Tí ó bá di January, ẹ ó máa fi dígà bẹ ilẹ̀ ni. Ẹni tí kò bá kánjú, kí ó kún àyè rẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí ó jẹ́ kí òjò ọdún kan lù ú, kí ó tó rọ kọnkéré. Mo mọ̀ pé oníṣòwò kì í lè dúró tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kọnkéré kò gùn. Íǹṣì 4 tó: sìmẹ́ńtì ìwọ̀n kan, iyanrìn mẹ́ta, òkúta mẹ́fà. Fún ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 8, àpò sìmẹ́ńtì bíi 4 ni yóò lọ sí i. Ẹ jẹ́ kí ojú rẹ̀ fi íǹṣì 6 ga ju ilẹ̀ ìta lọ. Ẹ tẹ́ àpò sórí rẹ̀, kí ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ 7 ó kéré tán, nítorí oòrùn tí ó bá tètè gbẹ kọnkéré ni ó ń sọ ọ́ di ìyẹ̀pẹ̀. Bí ẹ bá sì wá ń kó ọjà wọlé, ẹ kọ́kọ́ to pákó sílẹ̀ kí ẹ tó gbé àpò lé e. Ilẹ̀ tí ó tẹ́jú jù lọ pàápàá ń mí òtútù sókè nígbà òjò, ẹ̀wà kò sì fẹ́ ju ìyẹn lọ kí ó tó hù.